Màmá Tó Ń Fi Etí Wo Eré

Ẹ bi wọ́n ní Ìkòtún, ẹ bi wọ́n ní Ìgàndò, kò sẹ́ni tó mọ eré ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe tó mi. Mi ò kàwé jìnnà, mi ò sì lọ kọ́ eré níbì kankan, àmọ́ tí n bá dúró sórí ìtàgé báyìí, àwọn àgbàlagbà á máa mí kanlẹ̀. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀ ṣá.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, èbà wà lẹ́nu mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Màmá tó ń kọ́ wa ní eré kọ̀yìn sí mi lórí àpótí wọn, wọ́n tẹ́tí. Gbogbo àwa ọmọ tá a wà lágbàlá wọn ní Ẹ̀gan dákẹ́. Ẹ̀rọ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lódìkejì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni. Mo gbé òkèlè yẹn mì.

"O ti gbé e mì," màmá sọ. "Ó sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣé bí ẹni tó gbá ọmọ ọlọ́mọ tó sá lọ ṣe ń jẹun nìyẹn?"

Táyé, ọ̀kan nínú wa, bú sẹ́rìn-ín.

Ojú màmá ti funfun bí omi ìrẹsì nígbà yẹn, wọn ò ríran dáadáa mọ́. Ilé kejì sí tiwa ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, wọ́n bá ẹgbẹ́ eléré kan rin ìlú kiri, torí náà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá ti ń bọ̀, àwọn ló máa ń kọ́ àwa ọmọ àdúgbò ní dírámà. Ọmọ mùsùlùmí ni mí, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìyẹn. Òórùn àdí àgbọn tí màmá fi ń para ló máa ń kọ́kọ́ kí wa lẹ́nu géètì.

Nínú eré ọdún yẹn, èmi ni ọlọ́kadà tó gbá ọmọ kékeré, tó sì sá lọ. Ọlọ́pàá wá mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ni ọ̀kadà, Táyé ló ń ṣe ìyẹn. Ọlọ́kadà délé, ìyá ẹ̀ gbé oúnjẹ fún un, kò lè jẹ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rí ọkàn á máa yọ ọ́ lẹ́nu títí á fi lọ jẹ́wọ́ ní tẹ́ṣàn.

Màmá ò gba abọ́ òfìfo lórí ìtàgé. Wọ́n ní nínú ẹgbẹ́ tiwọn, oúnjẹ gidi ni. Àwọn fúnra wọn ló ń te èbà, tí wọ́n ń se ọbẹ̀ ilá sí i. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń ti ilé ìwé bọ̀, ebi ń pa á, wọ́n gbé èbà gbígbóná síwájú ẹ̀, wọ́n ní kó má lè jẹ ẹ́. Mo fajú ro, mo mirí, mo sunkún. Màmá ò rí ìkankan níbẹ̀. Ọ̀fun mi ni wọ́n ń gbọ́.

"Ẹkún rọrùn," wọ́n sọ. "Ẹni tó ń sunkún, ara ẹ̀ ló ń ṣàánú. Tó bá di Sátidé tí èbà ṣì ń lọ báyìí, Táyé ló máa ṣe é."

"Alájẹkì," Táyé sọ sí mi létí, "gbé e wá fún mi kó o sinmi."

"Lọ jókòó sínú àtìmọ́lé ẹ jàre."

Mo ṣakọ sí i, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé èmi ni ọ̀gá eré. Mo ti ní kí ìyá mi wá jókòó níwájú. Kí ni mo fẹ́ wá sọ?

Nígbà tí Sátidé dé, tá a fẹ́ ṣe ìdánrawò ìkẹyìn, aǹtí tó ń ṣe ìyá mi nínú eré ò wá, màmá ní àwọn á ṣe é. Wọ́n fọwọ́ wá ọ̀nà débi tábìlì, wọ́n jókòó tì mí. Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ ni pé, "Kí ló dé tó ò jẹun?" Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n fọwọ́ wá inú abọ́ tiwọn, wọ́n rí ẹran kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, wọ́n wá abọ́ tèmi kàn, wọ́n gbé e síbẹ̀.

"Jẹun, ọmọ mi. Wọ́n ní ọmọ ayé ti burú. Mo ní tèmi kọ́."

Òkèlè dúró sí mi lọ́nà ọ̀fun. Mi ò gbá ẹnikẹ́ni o, mi ò tiẹ̀ mọ ọ̀kadà gùn. Àmọ́ ọwọ́ tó gbé ẹran yẹn, tí ò rí mi, tó gbà mí gbọ́, mi ò mọ ohun tó fà mú nínú mi. Ọbẹ̀ ilá ń fà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, Táyé ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹn-ẹn," màmá sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Má fi ẹnu bà á jẹ́."

Ní Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Mò ń rò ó pé tí òkèlè ò bá dúró lọ́fun mi mọ́ ńkọ́. Aǹtí gbé èbà dé, mo bu òkèlè, ọ̀fun mi dì. Bàbá kan pariwo látẹ̀yìn pé, "Ọmọ, èbà yẹn ti ń tutù o." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ku ìran àlá, ìran pásítọ̀ àti ìran ọsibítù kí n tó jẹ́wọ́. Mi ò lè dúró dè wọ́n. Mo dìde, mo gba tẹ́ṣàn lọ tààrà. Ọlọ́pàá ò tíì de bẹ́líìtì ẹ̀ tán.

"Ẹ tú u sílẹ̀," mo sọ. "Èmi ni."

"Kò tíì kàn ẹ́, ọ̀dẹ̀," Táyé sọ lábẹ́ ẹnu.

"Ṣáà jáde."

Bí eré ṣe parí nìyẹn. Ọ̀gá akọrin ní mo ba ìkórè jẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe pásítọ̀ ò ráyè sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀wù kóòtù lásán ló wọ̀ wá. Mo lọ bá màmá.

"Ẹ má bínú, mà. Mo fo gbogbo ibi tí ẹ̀rí ọkàn ọlọ́kadà yẹn ti ń dàgbà."

Wọ́n fọwọ́ wá orí mi títí wọ́n fi bà á. "O ò fò ó. O kàn sáré kọjá níbẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ló mọ gbogbo ìran yẹn sórí, tí wọn ò dé tẹ́ṣàn láéláé."

Ọmọ wọn wá mú wọn lọ sí Oǹdó lẹ́yìn ìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Èmi ṣì wà níbí, mò ń wa kẹ̀kẹ́, mò ń fẹnu ṣe fọ́ńté. Mo lè parọ́ fún ẹnikẹ́ni kó gbà á, àmọ́ ọ̀fun mi kì í bá mi dá sí i. Láàárọ̀ yìí, níbi tí mo ti ń rọ́ kẹ̀kẹ́ mi sẹ́yìn ní páàkì ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo fọ́ iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó rí mi. Ọmọkùnrin tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni àwọn ará páàkì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní òun ni. Ó ń búra, wọn ò dá a lóhùn. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì tí mo rà ti dì síwájú mi, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ n máa lọ bá wọn ní páàkì báyìí, wọn ò tíì fi í sílẹ̀.