Kọfí Ọ̀fẹ́ Nílé Ràfíátù

Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Irọ́ ni! Ẹ̀ bá wá wo ilé kọfí Ràfíátù ní Ilora láàárọ̀ Sátidé ọjọ́ yẹn. Ọyẹ́ ń fẹ́, kọfí ń hó, búrẹ́dì gbígbóná ń ta sánsán, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ adìyẹ nìkan ló wọlé.

Ràfíátù yìí kì í ṣe àjèjì. Ọmọ Ilora ni, ó ga, ó pupa, ẹ̀rín ò sì jìnnà sí i lẹ́nu. Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ kọfí kó tó padà wálé wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ibùdókọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ló ń yà mu ún lówùúrọ̀, kí ojú wọn lè là. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù pé ọdún kan, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń jó nídìí sítóòfù. "Ìlú tó bọ́ mi, èmi náà á bọ́ ọ," ló wí. Ló bá kéde pé ní Sátidé tó ń bọ̀, gbogbo àgbàlagbà ìlú ni yóò mu kọfí, tí wọn yóò jẹ búrẹ́dì, láìsan kọ́bọ̀.

Ibi tó ti ṣàṣìṣe nìyẹn. Ta ní í ṣàdédé bọ́ gbogbo ìlú? Ẹni tí wọ́n ní kó ṣe sàárà ni! Ìyá Jésùtóbi, aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì, ló kọ́kọ́ sọ ọ́, bí ẹni tó ń gbàdúrà ló sì ṣe sọ ọ́: "Olúwa, ṣàánú o. Wọ́n ní àìsàn kan ń ṣe Ràfíátù, alfa ní kó fún àwọn àgbàlagbà ní ohun dúdú mu. Ẹni tó bá mu ún ti gba àìsàn náà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti wọkọ̀ dé Jóbẹ́lé. Nígbà tó fi máa dé Fìdítì, alfa ti di wòlíì, àìsàn kan sì ti di méje.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn oníbàárà tó ń sanwó pàápàá ń gba òdìkejì títì kọjá. Ràfíátù rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bí Sátidé bá lọ tí ẹnikẹ́ni ò mu kọfí yẹn, irọ́ ti di òótọ́ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù á tì, òun á sì kó ẹrù padà sí Ìbàdàn lọ máa po kọfí fún ọ̀gá ọlọ́gàá.

Ló bá bọ́ síta láàárọ̀ Sátidé náà. "Ẹ̀yin ará mi, ẹ wò ó, èmi fúnra mi ń mu ún!" Ó da ife kan sọ́fun. Ó da èkejì. Nígbà tó mu ẹ̀kẹrin, kọfí ti gùn ún, ara rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀.

"Ẹ ò rí i?" ni Ìyá Jésùtóbi wí látibi tó jókòó. "Àìsàn náà ló dé sí i yẹn."

Yéè! Ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ lọ́fun Ràfíátù. Ibi tó dúró sí nìyẹn tí ọ̀kadà kan fi já Bàbá Ayọ̀rìndé sílẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá yìí, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, nítorí náà àhesọ ò ríbi gbà wọlé.

"Kí lò ń sè tó ń ta sánsán báyìí?"

"Kọfí ni, bàbá," Ràfíátù kígbe sí i létí.

"Kọfí wo? Kọfí tiwa?"

Kò yé Ràfíátù. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò kọfí tí kò tíì yan, ó dà á sí bàbá lọ́wọ́. Bàbá fi àtàńpàkò yí i, ó gbé e símú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ní òun àti bàbá òun gbin nǹkan yìí sóko wọn létí odò. Wọ́n ń ká a, wọ́n ń sá a, wọ́n ń tà á fáwọn tó ń kó o lọ sílùú òyìnbó, ẹnì kankan ò sì sọ fún wọn rí pé ńṣe làwọn èèyàn ń mu ún.

"Ẹ̀tù ìbọn la rò pé wọ́n ń fi ṣe! Bàbá mi a máa nà wá bá a bá fi kan ẹnu."

Háà! Ẹni tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ gbin kọfí, kò tọ́ ọ wò rí. Ràfíátù sáré bu ife kan fún un. Gbogbo títì yíjú sí wọn. Ọlọ́kadà gan-an pa ẹ́ńjìnnì. Ìyá Jésùtóbi dìde, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Bàbá mu ún, ó dijú, ó fajú ro, ó di tábìlì mú.

"Ó korò!" ló wí. "Ó korò bí ewúro! Nítorí èyí lòyìnbó ṣe ń gbéra látòkè òkun?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Fi ṣúgà sí i, ọmọ mi. Fi mílíìkì sí i. Kó o sì tún bù ú wá."

Nígbà tó mu ìkẹta, ó ní òun ò gun ọ̀kadà mọ́, ẹsẹ̀ ń yún òun. Ó fi ọ̀pá ti ògiri, ó jó yí ṣọ́ọ̀bù ká. Bí ìlú ṣe rí ìyẹn, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ yà fún mi! Àwọn tí orúnkún ń dùn lánàá ń ti ara wọn. Ta lẹ rò pé ó wà níwájú? Ìyá Jésùtóbi ni, ó ti mú ife tirẹ̀ wá látilé. "Mo ti mọ̀ látàárọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọ," ló wí, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ràfíátù bu tirẹ̀ kún dẹ́nu.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Bàbá Ayọ̀rìndé tún dé, ó gbé àpò kan ka iwájú lórí ọ̀kadà. Kọfí ni, ó gbẹ táútáú, láti ara àwọn igi àtijọ́ tí igbó ti bò mọ́lẹ̀. Ó ti ro ìdí wọn, ó ti ká èso wọn, ó ti sá a. Ó ní òun ò gba kọ́bọ̀, kí Ràfíátù máa fi po kọfí ọ̀fẹ́ fáwọn àgbàlagbà.

Omi lé ròrò sójú Ràfíátù, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, alfa wo ló ní kẹ́ ẹ ṣe sàárà?"

Bàbá tẹ́tí títí ó fi gbọ́. Ó mi orí.

"Kò sí alfa kankan. Bàbá mi ló kú láìtọ́ ọ wò," ló wí, ó sì fa àga òfìfo kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. "Bu ife méjì."