Àwọn Kòkòrò Ẹ̀yìn Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń pe ọkọ mi ní Àǹtí Kòkòrò, á rò pé oògùn apakòkòrò ló ń tà. Ọkọ mi tí mo wí yìí, obìnrin ni. Àbúrò ẹni tó fẹ́ mi ni. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìyàwó ni mo jẹ́ fún un, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Bí mo bá pẹ́ nídìí iṣẹ́, á ní, "Ìyàwó yìí, ṣé kí n lọ fẹ́ òmíràn ni?" Èmi náà á ní, "Ẹ fẹ́ ẹ, ọkọ mi. Kó wá bá mi fọ abọ́."

Láti kékeré ni wọ́n ti ń nà án nítorí kòkòrò. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, ibi tí tata bá fò sí ló máa ń bá a lọ. Ìyá wọn sọ fún mi nígbà ayé rẹ̀ pé òun kì í fọ aṣọ ọmọ yẹn láìkọ́kọ́ gbọn àpò rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ilé ìfọṣọ ló ti ṣiṣẹ́ títí orí rẹ̀ fi ń hu ewú. Kò bímọ. Ọjọ́ tí ilé ìfọṣọ kógbá sílé, ó kó àga inú pálọ̀ rẹ̀ síta, ó ní kí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ máa gbé ọmọ wọn tí kò tíì tó ilé ìwé lọ wá fún òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn olóògbé ọkọ mi, káfíńtà ni. Òun ló kan àga kéékèèké fún wọn. Bàbá Àga ni àwọn ọmọ ń pè é.

Láàárọ̀, Àǹtí Kòkòrò á kó páálí ẹyin, ìdérí ìgò, òwú àti gọ́ọ̀mù sílẹ̀. Wọ́n á gé, wọ́n á lẹ̀, wọ́n á kun ọ̀dà sí ara wọn nímú. Tó bá di ọ̀sán, kòkòrò tí wọ́n fi páálí ṣe náà ni wọ́n á tún fi oúnjẹ ṣe. Búrẹ́dì onígun mẹ́ta di apá labalábá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí a gé róbótó róbótó, tí a fi ẹ̀pà lílọ̀ lẹ̀ mọ́ra, di kòkòrò tó ń wọ́ lórí ewé. Èso àjàrà gbígbẹ méjì ni ojú rẹ̀. Ó ní ọmọ kì í bẹ̀rù ohun tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kì í sì í kọ̀ láti jẹ ẹ́. Mo mọ ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ nílé kó jẹ kárọ́ọ̀tì. Níbí, ikùn lámilámi ló ń pè é, ìjà ló sì ń jà lé e lórí.

Nígbà tí Bàbá Àga kú, mo jókòó sílé, mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi méjèèjì ṣe. Àǹtí wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò kí mi kú ìrọ́jú. Ó ti kí mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìyàwó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gé e." Mo dìde.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìjọba fẹ́ wá yẹ ilé tí Àǹtí ti ń tọ́jú ọmọ wò. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á tì í pa. Wọ́n ti ti ilé ìtọ́jú ọmọ kan pa ládùúgbò wa nítorí eku, kò sì ṣí mọ́. Àǹtí kò sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, ṣùgbọ́n fèrèsé kan náà ló ń nù ṣáá.

"Tí wọ́n bá gba àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ mi," ó ní, "kí ni kí n máa jí fún láàárọ̀? Ṣé ojú tìẹ ni?"

Ohun kan ṣáà ń dùn mọ́ wa nínú: abọ́ àwọn ọmọ ń padà sí ilé ìdáná ní mímọ́ fo. A rò pé wọ́n ń jẹun dáadáa ni.

Obìnrin tí ìjọba rán dé lọ́jọ́ Ajé. Kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ṣí ẹ̀rọ omi wò, ó tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, gbogbo rẹ̀ dára. Àfi bó ṣe dúró tó ń wo ògiri. Èèrà ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ẹni ń lọ gba owó oṣù, wọ́n ń wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kí ló wà níbí, mà?"

"Kò sí nǹkan kan," Àǹtí ní, ó sì dá a lójú.

A gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò. Kòkòrò ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú, labalábá búrẹ́dì tó ti gan, lámilámi kárọ́ọ̀tì tó ti rọ, gbogbo wọn sùn nínú páálí ẹyin, wọ́n fi tíṣù bò wọ́n dé ọrùn bí ọmọ tuntun. Èèrà ṣù bò wọ́n.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín àwọn ọmọ náà tí a ń pè ní Lọ́yà, nítorí kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò. Òun ló ké: "Ẹ má jí wọn o!"

Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nawọ́ sí èèrà. "Àwọn ẹbí wọn ló wá kí wọn."

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ìríra. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Oúnjẹ ò lè máa jẹrà sínú yàrá tí ọmọdé ń sùn. Màá padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Tí mo bá tún bá ẹyọ kan ṣoṣo, màá ti ibí pa."

Nígbà tó lọ, mo ní kí a kúkú máa dúró ti àwọn ọmọ títí wọ́n á fi gbé oúnjẹ mì. Àǹtí kọ̀. Ó ní ẹni tí a bá fi ipá bọ́, ibòmíràn ló máa wá fi oúnjẹ pamọ́ sí. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín wọn.

"Lọ́yà, wá ro ẹjọ́ yín. Kí ló dé tí ẹ ò jẹ wọ́n?"

"A jẹ èyí tí kò lójú."

"Èyí tó lójú ńkọ́?"

"Tí a bá jẹ ẹ́, ó tán nìyẹn. Kò ní wá mọ́. Bíi ti Bàbá Àga."

Mo gbé ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló wá kí mi, tí wọ́n ń pe ikú ọkọ mi ní ìsinmi, tí wọ́n ń pè é ní ìrìn àjò. Ọmọ yìí ló pè é bó ṣe rí.

Àǹtí wò mí. Mo mọ̀ pé ó ń tọrọ àyè. Mo mi orí sí i pé kó máa sọ ọ́.

"Òótọ́ lo sọ," ó ní. "Bàbá Àga ò ní wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mo fẹ́ kó wá, kò ní wá." Ó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó to kòkòrò kan, ó fi ojú sí i, ó sì gbé e sẹ́nu. Ẹkún sọ nínú ilé. Ó rún un, ó gbé e mì. Ó to òmíràn.

"Ta nìyí?"

"Kì í ṣòun," Lọ́yà ní.

"Òun kọ́ lóòótọ́. Àbúrò rẹ̀ ni. Ti àkọ́kọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ṣe é ò lọ. Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè kí n rí i. Àbí ẹ ti jẹ ọwọ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín tòun ti ikun nímú.

"Ọwọ́ Bàbá Àga ńkọ́?" Lọ́yà béèrè.

Èmi ni mo dáhùn. "Kò sí mọ́. Mo máa ń fọwọ́ wá a lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, mi ò bá a."

Lọ́yà rò ó. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ó ní, ó sì gé ìrù kòkòrò tirẹ̀ jẹ díẹ̀.

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni gbogbo wọn jẹ ẹ́. Ẹlòmíràn á jẹ ẹsẹ̀, á fi orí sílẹ̀ fún wa. Mo ń tú àpò, mo ń gbé pílò wò. Lọ́yà ti ń jẹ ara, ṣùgbọ́n ojú ló máa ń gbẹ̀yìn. Ó ní kí kòkòrò náà lè máa rí ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìdí oúnjẹ ni obìnrin náà ti bá wa. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti kọ́bọ́ọ̀dù. Kò rí nǹkan kan. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti ń ṣí bírò rẹ̀ nígbà tó rí Lọ́yà tó di ọwọ́ pọ̀.

"Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

Àǹtí dì mí lápá mú. Lọ́yà la ọwọ́: ẹyọ èso àjàrà gbígbẹ kan.

"Ojú ẹ̀ ni. Mo ṣì fẹ́ jẹ ẹ́."

"Jẹ ẹ́ kí n rí i."

Ọmọ náà wo obìnrin yìí, ó wo èso àjàrà. A ò lè sọ fún un pé kó jẹ ẹ́. A ò lè bá a jẹ ẹ́. Ó gbé e sẹ́nu, ó rún un pẹ́, ó wá la ẹnu gbàgà kí obìnrin náà lè yẹ ibẹ̀ náà wò.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ó na ara ró, ó sì fọwọ́ sí i pé kí ilé máa ṣí lọ.

Àǹtí kò pariwo, kò fò sókè. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lápá mi.

"Ìyàwó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kù bí?"

Mo ní ó kù.

"Gé e wá. Àwọn ọmọ yìí ò tíì yó."