Mílíìkì Wẹ́dà àti Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀ Mi

Mo gbé géètì onírin kan dé ìdajì ọ̀nà, àfi bí ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún ṣe wúwo lójijì, bí ẹni pé wọ́n ki òkúta bọ abẹ́ egungun ìhà mi. Kò gún mi o. Ó kàn ń fà mí wálẹ̀. Èmi tí mo máa ń dá gbé ohun tí ọkùnrin méjì ń gbé! Ẹ béèrè Kọ́lá wẹ́dà ní Ìlódè níbí, wọ́n á sọ fún yín. Mo sọ géètì kalẹ̀, mo jókòó lórí táyà, mo ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ọ̀gá Mùtíù, tó kọ́ mi níṣẹ́, wo ikùn mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Oyún oṣù mélòó nìyẹn?"

"Ọ̀gá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rẹ̀ mí ni."

"Èéfín ló ń bá ẹ jà. Lọ mu mílíìkì ẹ."

Ẹni tí kì í ṣe wẹ́dà lè má mọ̀ pé oògùn wa nìyẹn. Bí a bá ń jó irin, èéfín ẹ̀ máa ń wọ imú, ó ń ta ọ̀fun. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀gá mi náà ló ṣe kọ́ mi: da mílíìkì agolo sínú ìgò mọ́ọ̀tì tútù, mu ún, á fọ èéfín dànù. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń mu ún lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Mo ń mu ún láàárọ̀, mo ń mu ún lọ́sàn-án, tí iṣẹ́ bá tún parí, màá fi búrẹ́dì sìn ín.

Àárẹ̀ yẹn ò lọ. Màá sùn, màá jí, á dà bí ẹni pé mi ò sùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó ń ránṣọ ní àdúgbò Mayfair, ló wọ́ mi lọ sí ọsibítù.

Kò sí ohun tí mo kórìíra tó kí n jókòó sójú kan. Bẹ́ńṣì le, ebi ń pa mí torí wọ́n ní kí n má jẹun kí wọ́n tó yẹ inú mi wò. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Àǹtí mi fa ṣẹ́ẹ̀tì mi. "Jókòó, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé ìwọ nìkan ló ń ṣàìsàn ni?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àwọn tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ṣe fún mi, kí ẹ̀rù má ba ẹ̀yin bó ṣe bà mí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n fi wá kòkòrò àrùn tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Wọn ò rí i. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ yẹn náà wo àwọn èròjà kan tó yẹ kó wà nínú ẹ̀dọ̀. Tí ẹ̀dọ̀ bá fara gbọgbẹ́, àwọn èròjà náà máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀. Tèmi ti jò kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n wá ṣe sikáànù: wọ́n pa nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ sí mi níkùn, wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré rìn lórí ẹ̀. Kò dunni rárá. Ẹ̀dọ̀ mi funfun nínú àwòrán ju kíndìnrín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ. Ọ̀rá nìyẹn.

Dókítà obìnrin kan ló sọ ọ́ fún wa. Ó ní ọ̀rá náà kò tíì dá àpá sí ẹ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n tí mi ò bá ṣọ́ra, ẹ̀dọ̀ náà lè le gbagidi, ìyẹn sì ṣòro láti tún ṣe.

"Dókítà, ẹ gún mi lábẹ́rẹ́ ká parí ẹ."

"Kò sí abẹ́rẹ́ ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ àti ẹnu ẹ ni oògùn ẹ̀."

Ó bi mí bóyá mò ń mu ọtí. Mo ní rárá, òótọ́ sì ni. Ó bi mí bóyá mò ń mu ohun dídùn inú ìgò. Mo tún ní rárá, torí lójú mi, mílíìkì wa kì í ṣe ohun mímu.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn láti Ìlódè lọ sí Mayfair, bíi ológun. Mo fi dùndú àti àkàrà sílẹ̀. Nígbà kan mo fẹ́ febi pa ara mi kó lè yá, dókítà ní ìyẹn náà ń ṣe ẹ̀dọ̀ níjàǹbá, díẹ̀díẹ̀ ni. Èmi, díẹ̀díẹ̀! Wọ́n ṣáà sọ pé ẹ̀dọ̀ ló ń sẹ́ ìdọ̀tí ara, ni mo bá fi kún mílíìkì mi, kí n lè ràn án lọ́wọ́.

Ìgbà tí wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó ti burú sí i. Orí mi gbóná. Mo ní irọ́ ni, àfi kí wọ́n tún un ṣe. Dókítà ní kí n ka gbogbo ohun tó ń wọ ẹnu mi láti ìgbà tí mo bá ti jí. Mo kà á dé orí mílíìkì àti mọ́ọ̀tì.

Àǹtí mi káwọ́ lérí. "Yéè! Lójoojúmọ́?"

"Oògùn èéfín ni, Àǹtí."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. "Kọ́lá, èéfín, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Mílíìkì, ikùn ló ń lọ. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé?"

Ó ní ṣúgà inú mílíìkì àti mọ́ọ̀tì ló ń di ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀ mi, kí n pa méjèèjì tì.

Ó tún ní kí n máa fi ìbòmú tó nípọn ṣiṣẹ́, kí n sì máa jó irin níta gbangba. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún Ọ̀gá Mùtíù? Lọ́jọ́ tí mo padà síbi iṣẹ́, fúnra ẹ̀ ló ra mílíìkì fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mi ò lè mu ún mọ́."

"Dókítà ẹ ti jó irin rí?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ó ti rí ẹ̀dọ̀ mi."

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀gbẹ́ mi lọ, torí òun ló sọ mí di èèyàn. Orí ń fọ́ mi nítorí ohun dídùn tí mo pa tì, inú ń bí mi sí gbogbo ayé. Oúnjẹ mi di ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, èbà kékeré bí ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé. Ṣòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́.

Nígbà tí mo tún padà lọ sí ọsibítù lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ síbi tó yẹ. Ọ̀rá ṣì kù díẹ̀ nínú sikáànù, kò sì sí àpá. Àǹtí Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní kó dìde, pé wọ́n ń wò wá. Ó ní kí wọ́n máa wò.

Apá mi ni mo máa ń fi yangàn. Ta ló ń fi ẹ̀dọ̀ yangàn? Inú òkùnkùn ló wà, gbogbo ohun tí mo dà lé e lórí ló ń gbé. Tí mo bá jí báyìí, mo máa ń fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi, màá ní, "O ṣé o." Kì í dá mi lóhùn. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó tún fi ìwúwo ọjọ́sí dá mi lóhùn mọ́.