Ẹni Tó Ní Kí N Jí Awakọ̀ Náà

Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo fẹ́ pa, ẹ ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn, mi ò bínú. Nọ́ọ̀sì ni mí. Òkú tí mo ti fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ kò níye, kò sì sí èyí tó bá mi sọ̀rọ̀ rí, àfi ọ̀kan.

Ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni, ní ọsibítù kékeré kan ní ìhà Èmùré. Àwọn awakọ̀ tó ń kó pákó lọ sí Èkó pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á gbé hóró oògùn tó ń lé oorun mì kí ojú wọn lè là dé Èkó. Bí wọ́n bá padà dé, tí oorun kọ̀ tí kò wá mọ́, wọ́n á da odidi ìgò oògùn ikọ́, èyí tó ní kodíìnì tó ń kun ni lóorun, sí ọ̀fun.

Délé ni àkọ́kọ́ nínú wọn tí mo tọ́jú. Ọmọkùnrin gíga, tó ní èjí, nínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù. Òógùn bò ó, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Mo bi í ohun tó lò.

"Hóró nìkan ni, Sísítà."

Mo gbà á gbọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ara rẹ̀ rọ̀, ó sùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, a kì í jí aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun. Ìyá rẹ̀ tó ń lé eṣinṣin lójú rẹ̀ fi ìka lé ètè.

"Ẹ kú uṣẹ́, Sísítà. Ẹ má jí i o. Láti ulé ni kò ti rí oorun sùn."

Inú èmi náà dùn. Mo lọ jẹun. Nígbà tí mo padà, ìhanrun ti dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ṣì ń lé eṣinṣin.

Àpò ṣòkòtò rẹ̀ ni a ti rí ìgò oògùn ikọ́ tó ti ṣófo. Dókítà ní hóró tó ń lé oorun ló bo agbára oògùn ikọ́ mọ́lẹ̀; nígbà tí agbára hóró tán, oògùn ikọ́ dá mímí rẹ̀ dúró díẹ̀díẹ̀. Ìhanrun tí a ń yọ̀ sí, ọ̀fun rẹ̀ ló ń dí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, awakọ̀ mìíràn dé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Òógùn kan náà, àyà lílù kan náà. Ìyàwó búra pé hóró nìkan ni. Ó yẹ kí n ti gbọ́n, àmọ́ aboyún méjì ń rọbí lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin náà sùn, ó ń hanrun, ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo yí ẹ̀yìn padà.

"Sísítà. Ẹ jí i."

Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Mo wẹ̀yìn. Ọ̀sán gangan, oòrùn ń tàn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Délé jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù rẹ̀, ó ń lé eṣinṣin lójú ọkùnrin náà.

"Ó mu ti ìgò pẹ̀lú."

Mo kígbe mọ́ ìyàwó náà pé níbo ni ìgò wà. Ó fà á yọ lábẹ́ ìró rẹ̀, omijé ń bọ́.

"Ó ní kí n má sọ, pé ẹ óò pe òun ní ọ̀mùtí."

Ètè ọkùnrin náà ti dúdú. Mo gbá a létí, mo fi eegun ìka ha àyà rẹ̀ kí ìrora lè jí i, a ń fún un ní atẹ́gùn títí dókítà fi dé. Ó yè.

Délé dìde nígbà tí ọkùnrin náà wúkọ́. Ojú mi ló ń wò.

"Kí ló dé tí ẹ ò jí èmi?"

Títí di òní, bí ọkọ mi bá ń hanrun lọ́sàn-án, mo máa ń jí i, ó sì máa ń bú mi.

Bí ẹnikẹ́ni nílé yín bá lo hóró àti oògùn ikọ́ yẹn pọ̀, ẹ má yọ̀ sí ìhanrun rẹ̀. Ẹ jí i. Bí kò bá jí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ mú ìgò náà dání, ẹ má tijú. Bí ẹ bá jẹ́ kó sùn lọ, òun fúnra rẹ̀ lè padà wá bi yín.