Ayọ̀tọ́lá Ayẹrùwò àti Akọni Inú Géèmù

Ayọ̀tọ́lá ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì bá a lára mu. Òun ni wọ́n fi sí géètì ilé iṣẹ́ kan ní Àgídìngbì, ibi tí wọ́n ti ń ṣe fáànù, kó máa yẹ ẹrù àwọn òṣìṣẹ́ wò bí wọ́n bá ń lọ sílé. Ọdún kejì tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ ni mò ń wí, nígbà tí gbogbo ẹnu ń sọ pé ayé ti di ti aráàlú. Ti géètì yẹn kọ́ o. Bí o bá gbé búrẹ́dì kọjá, Ayọ̀tọ́lá á tẹ̀ ẹ́ wò bóyá irin wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Job, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn méjèèjì a máa lọ gbá géèmù ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Nínú èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Sándórì ló ń rìn káàkiri ìlú, tó ń gba aráyé sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbá a tán, wọ́n á máa fi ẹnu ṣe eré náà lọ. Job á di Sándórì. Ayọ̀tọ́lá ní tirẹ̀ ti dá èèyàn tuntun sílẹ̀ látinú orí ara rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Adènà, oníbodè tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá láìyẹ ẹrù rẹ̀ wò, ìbáà ṣe ọba.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. "Sándórì rẹ yìí, olè ni," Ayọ̀tọ́lá á wí. "Á wọ ilé onílé, á ṣí àpótí wọn, á kó ohun tó bá bá níbẹ̀, onílé á sì dúró, á máa wò ó. Adènà mi ò jẹ́ mú abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn."

Job á rẹ́rìn-ín. "Ó ń mú nǹkan lóòótọ́, àmọ́ kò parọ́ mọ́ ẹnì kankan rí. Adènà tìẹ ńkọ́? Gbogbo ayé lolè lójú ẹ̀. Ṣé ìyẹn náà lọ́kàn tó mọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ayọ̀tọ́lá, kò sì gbàgbé.

Nígbà tó yá, wáyà kọ́pà tí wọ́n fi ń ṣe fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Madam Adébísọ́lá, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ránṣẹ́ pe Ayọ̀tọ́lá. "Wáyà ò lẹ́sẹ̀. Géètì ẹ ló ń gbà jáde. Tó bá di Fúráìdé tí o ò mú olè, ìwọ ni mo máa lé." Àbúrò mẹ́ta ni Ayọ̀tọ́lá ń fi iṣẹ́ yìí bọ́ ní Ìkọ̀lé, ìlú rẹ̀. Oorun dá lójú rẹ̀.

Ta ló lè jẹ́? Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, Job ni ọkàn rẹ̀ ń bà lé. Ta ló máa ń gbèjà ẹni tó ń ṣí àpótí onílé? Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ nìyẹn. Bí Job bá rẹ́rìn-ín, ó ń fi bojú ni. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Níbo ni kí ọmọlọ́mọ yà sí?

Ní Ọjọ́rùú, ó dá Job dúró lójú gbogbo èrò. Ó tú àpò rẹ̀, ó gbọn bàtà rẹ̀, ó ní kó bọ́ ẹ̀wù, kó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, kó bọ́ ṣòkòtò. Àwọn obìnrin ń wò. Kò rí nǹkan kan. Job wọ aṣọ rẹ̀ padà, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Ojú ti Ayọ̀tọ́lá, ó sì ń bínú pé ojú ń ti òun.

Kò pẹ́ tí Bàbá Bọ́dúndé yọ tàwọn ti kúlà oúnjẹ wọn. Àgbà tó ń wé wáyà sí mọ́tò fáànù ni wọ́n, ará Ìkọ̀lé, àwọn ló sì wá iṣẹ́ géètì fún Ayọ̀tọ́lá. Ṣé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé á máa tú ẹrù irú bàbá bẹ́ẹ̀? Ó dọ̀bálẹ̀, ó gba kúlà lọ́wọ́ wọn, ó gbé e dé ìta bó ti ń ṣe lójoojúmọ́.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ní Fúráìdé, Madam Adébísọ́lá fúnra rẹ̀ wá dúró sí géètì. Ayọ̀tọ́lá gba kúlà lọ́wọ́ Bàbá, ó wúwo. Ó ti máa ń wúwo tẹ́lẹ̀, àmọ́ ta ló ń wọn ẹrù àgbà? Lónìí tí ẹ̀rù ń bà á, ó mọ̀ ọ́n lára. Kúlà tí wọ́n ti jẹun inú rẹ̀ tán, kí ló kù níbẹ̀ tó wúwo tó báyìí?

"Máa gbé e lọ, ọmọ mi," Bàbá wí. Ojú wọn ń lọ sọ́dọ̀ Madam.

Adènà ì bá ti ṣí i. Ṣùgbọ́n Adènà ò ní bàbá, kò nílùú, ẹnì kankan ò wáṣẹ́ fún un rí. Ẹsẹ̀ Ayọ̀tọ́lá kọ̀, kò lọ, kò bọ̀. Ó wá gbé kúlà lé tábìlì, ó ṣí i. Wáyà kọ́pà ló wà lábẹ́ abọ́, wọ́n ká a róbótó.

"Ta ló máa ń gbé kúlà yìí jáde?" Madam bèèrè. Gbogbo ojú yí sí ibì kan náà.

"Èmi ni, Mà. Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀? Ìwọ tí ò ń tẹ búrẹ́dì wò?" Ó kọjú sí Job tó tò sẹ́yìn Bàbá. "Ọ̀rẹ́ ẹ ni. Ṣé lóòótọ́ ni kò mọ̀?"

Ayọ̀tọ́lá wo ojú Job. Bí Job bá fẹ́ gbẹ̀san, kó ṣáà dákẹ́ ni, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

"Kò mọ̀, Mà," Job wí. "Ká ní ó mọ ibi tí wáyà wà ni, kò ní bọ́ mi sí ìhòòhò láti wá a."

Madam mi orí, ó ní kí Ayọ̀tọ́lá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n mú Bàbá Bọ́dúndé wọ ọ́fíìsì lọ. Ayọ̀tọ́lá la ẹnu láti dúpẹ́, ṣùgbọ́n Job ti gbé àpò tirẹ̀ lé tábìlì, ó ti ṣí i sílẹ̀, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Yẹ̀ ẹ́ wò," ó ní. "Mo fẹ́ máa lọ sílé."