Àwo Omi Nínú Ilé Onítáyà

Òórùn ẹrẹ̀ tó gba òjò mọ́jú, tó dà pọ̀ mọ́ òórùn kẹrosíìnì, ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí a ń gbé ní Ìbafo. Fèrèsé wa kò ga kúrò nílẹ̀ púpọ̀, nítorí náà àbàtà ló máa ń kọ́kọ́ kí wa láàárọ̀ kó tó kan èèyàn.

Ọkọ̀ ni ilé wa, irú ilé onítáyà tí àwọn òyìnbó tó ń ṣe ọ̀nà máa ń sùn sí, tí wọ́n máa ń fi tírélà fà kiri. Bàbá mi, tó jẹ́ wẹ́dà, rà á ní àlòkù nígbà tí iṣẹ́ àwọn òyìnbó náà parí. Ó ní ká kúrò nínú yàrá kan tí a háyà ní Ajùwọ̀n, ká máa gbé lórí ilẹ̀ tiwa títí ilé gidi yóò fi dìde. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní "Rísí onítáyà." Ó máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n bàbá tiwọn ṣì ń sá fún láńlọ́ọ̀dù.

Ilẹ̀ náà ló le. Àbàtà tí wọ́n da yanrìn lé lórí ni, òjò kékeré ló máa ń mú un rì. Ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ló gbé ilé dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá mi tẹ́ pákó tó fẹ̀ sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan kí irin má baà gún ilẹ̀ wọlé, ó sì fi òkúta há àwọn táyà. Síbẹ̀, igun kan a máa rì ju èkejì lọ, ìdí nìyẹn tó fi wá ọgbọ́n àwo. A ní àwo tánganran funfun kan tó ní ìlà búlúù yíká inú rẹ̀. Láràárọ̀, èmi ni màá gbé e sí àárín ilé, màá bu omi sí i títí yóò fi kan ìlà. Bí omi bá bo ìlà lápá kan, apá ibẹ̀ ti rì nìyẹn. Bàbá mi á fi jáàkì gbé igun náà, á tún pákó rẹ̀ tẹ́, èmi á sì máa gbé òkúta fún un nínú ẹrẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ṣùgbọ́n ojú mi ló gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí iná wẹ́dà ti ba tirẹ̀ jẹ́ díẹ̀.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ilé-ìwé wa fẹ́ ṣe eré ìdárayá, èmi sì ni wọ́n ní kí n gbé àsíá síwájú àwọn tó máa yan. Ìyá mi, tó jẹ́ télọ̀, ti rán yẹ̀rì funfun fún mi, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kun bàtà mi títí ó fi ń dán. Òjò rọ̀ mọ́jú. Mo bu omi sí àwo, mo sì rí i kedere pé ó ti bo ìlà lápá ibi tí ìyá mi ti ń dáná. Mo wo bàtà mi. Bí mo bá wọ ẹrẹ̀ lọ gbé òkúta, màá pẹ́, wọn á sì gbé àsíá fún ẹlòmíì.

"Rísí, báwo lomi?" Bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àpò iṣẹ́ wà léjìká rẹ̀.

"Ó dọ́gba, sà."

"Ó dá ẹ lójú? Òjò yẹn pọ̀ o."

"Ó dọ́gba, Bàbá mi."

Ó gbà mí gbọ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo da omi nù. Mo yan lọ́jọ́ náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mi ò tiẹ̀ rántí ilé.

Nígbà tí mo padà dé, ilé wa dà bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀. Pákó igun ibi ìdáná ti yọ̀, irin ti wọlẹ̀, omi ògì tó ń hó lórí sítóòfù sì ti dà lé ìyá mi lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn aládùúgbò ti gbé e lọ sọ́sibítù. Egbò náà jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka ká kò, kò lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́. Bàbá mi fẹ́ràn láti máa wí pé òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Irọ́ tèmi kò fi orí mi gbọgbẹ́ rárá.

Àwọn ẹbí ìyá mi wá láti Ìfọ̀. Wọ́n ní irú ọkọ wo ló ń kó ìyàwó sínú ọkọ̀ lórí àbàtà. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún wọn lórí ẹrẹ̀.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," ó ní. "Mi ò yẹ ilẹ̀ wò dáadáa kí n tó jáde."

Kò dárúkọ mi. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó rò pé lẹ́yìn tó lọ ni ilẹ̀ rì, tàbí ó mọ̀, tó sì bò mí láṣìírí. Wọ́n kó èmi àti ìyá mi lọ sí Ìfọ̀, ìyá mi kò sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bàbá mi máa ń wá wò wá lọ́jọ́ Jímọ̀, á jókòó sí pálọ̀ bí àlejò. Kò kọ́ ilé gidi náà. Yàrá kan tó háyà ní Òkè-Àró ló kú sí lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Mo ti ní ilé ní Mówè báyìí. Bí ọmọ mi bá parọ́, mo máa ń bínú débi tí ọkọ mi á fi ní kí n rọra. Mo ti ń gbìyànjú láti dárí ji ọmọ tó ń sá fún ẹrẹ̀ yẹn, nítorí ọmọdé ni, àsíá ló ń wù ú. Àgbà tí mo dà yìí, tí kò tíì sọ òótọ́ náà fún ẹnikẹ́ni, ni mi ò rí àwáwí fún. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé lógójì ọdún, kò sì sí àsíá kankan níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ sí Ìfọ̀ lọ gé èékánná ìyá mi, nítorí kò lè dá gé e. Ó na ọwọ́ tó ká kò náà sí mi, ó wá ní, "Rísí, mo ti forí ji bàbá ẹ o. Ó pẹ́ kí n tó lè ṣe é, ṣùgbọ́n mo ti forí jì í."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màámi." Mo sì mú ìka tó kàn.