Áńgẹ́lì Tí Mo Lé Kúrò Létí Omi

Èmi ni mo lé áńgẹ́lì kúrò létí omi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rù. Ìwé ni mo fi lé e, ìwé kékeré kan tí èèpo rẹ̀ dúdú, tí mo há mọ́ abíyá kiri ìlú Ìsẹ̀ ní gbogbo àsìkò Kérésìmesì kan, bí ẹni pé èmi nìkan ni wọ́n rán lọ sílé ìwé rí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà. Ẹnu mi mú ju ọgbọ́n inú mi lọ.

Àbúrò mi obìnrin lọ̀rọ̀ yìí dá lé. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí ibà kan fi dá a dùbúlẹ̀, nígbà tí ibà náà yóò sì fi lọ, ó ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ. Bàbá wa ti kú. Yèyé mi, tó ń dá roko kòkó àti ẹ̀gẹ́ lójú ọ̀nà Èmùré, gbé ọmọ náà dé gbogbo ibi tí wọ́n ń gbé aláìsàn dé, pàbó ló já sí. Ọjọ́ Ìsinmi kan ló wá gbọ́ ìtàn adágún ní ṣọ́ọ̀ṣì: àwọn aláìsàn tó sùn yí i ká, áńgẹ́lì tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá rú omi, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ inú omi á sì gba ìwòsàn. Yèyé mi kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó mọ omi àfòwúrọ̀pọn bí gbogbo obìnrin ìlú wa ṣe mọ̀ ọ́n: omi tí a ń lọ pọn nídàájí kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kàn án, tí a kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà títí a ó fi dé ilé. Ó so méjèèjì pọ̀. Lójú tirẹ̀, nǹkan kan náà ni.

Ọdún mẹ́fà ló fi ń pọn àbúrò mi lọ sódò nídàájí. Ẹni tó bá pàdé wọn á yà fún wọn, kò ní kí wọn, torí ó mọ̀ pé Yèyé kò ní dáhùn. Àbúrò mi nìkan ló máa ń juwọ́ síni láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, á sì tún fi ìka di ẹnu ara rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé òun náà ń pa òfin mọ́. Tí wọ́n bá dé odò, Yèyé á ki ẹsẹ̀ ọmọ náà bọ omi, wọ́n á sì máa dúró. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá ipasẹ̀ tútù létí odò. Ẹnì kan ti ṣáájú wọn. Yèyé padà sílé láì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ kan omi, ó sì sunkún títí ọjọ́ fi rọ̀. Mo bi í pé kí ló dé, kò sọ.

Nígbà tó yá, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó fẹ́ di àlùfáà. Bàbá àgbàlagbà kan tó wá láti Ìlawẹ̀ ló kọ́ wa ní Gíríìkì, èdè tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ Májẹ̀mú Titun. Ó ṣàlàyé bí àwọn adàwékọ ṣe fọwọ́ kọ ìwé náà láti ìran dé ìran, bí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe ń ṣì, àti bí a ṣe ń mọ̀. Ó ní bí a bá rán ènìyàn mẹ́wàá níṣẹ́ kan náà láti Ìkẹ́rẹ́, tí ẹnì kan sì fi tirẹ̀ bù mọ́ ọn, àwọn mẹ́sàn-án yòókù ni yóò jẹ́ ká mọ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí ọkàn òun fi balẹ̀ lórí ìwé náà. Ti àṣìṣe àwọn adàwékọ nìkan ni èmi gbọ́ ní tèmi. Etí mi kò gba ìyókù.

Bí mo ṣe délé fún Kérésìmesì, tí ọyẹ́ ń fẹ́, Yèyé jókòó síwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Àbúrò mi wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Yèyé ní, “Uwé tó o gbé dání yìí, ṣé òun ni èdè tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run?”

“Òun ni, Yèyé.”

“O ṣeun. Bá mi wá ibi omi níbẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀ṣì kàn ń sọ pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni áńgẹ́lì ń wá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kẹ̀! Oṣù wo? Ọjọ́ wo? Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ á ti sọ ọ́.”

Orí mi ò! Ọdún mẹ́fà ló ti ń dúró de ẹni tí yóò bi ní ìbéèrè yìí. Mo mọ ìdáhùn kí n tó ṣíwèé, inú mi sì dùn. Ẹ gbọ́ mi yé o, inú mi dùn! Mo nàka sí ojú ewé náà, bí ẹni pé ó lè kà á.

“Yèyé, áńgẹ́lì kò sí níbẹ̀.”

“Ta ló yọ ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Àwọn ìwé tó dàgbà jù lọ kò ní in. Adàwékọ kan ló fi kún un lẹ́yìn, bóyá kó lè ṣàlàyé ìdí tí àwọn aláìsàn fi pé jọ síbẹ̀.”

“Nítorí náà, kò wá rí.”

“Kò wá rí.” Mo sì pa ìwé dé.

Wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi kò wo ilé, n kò wo ọmọ tó wà lórí ẹní. Yèyé kò bá mi jà. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ kó o mọ̀wé dé òpin,” ó sì tún mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, àbúrò mi jí, ó na ọwọ́ sókè kí wọ́n pọn òun. Yèyé yíjú sí ògiri. Ọmọ náà dúró títí, ó wá wọ́ ìdí dé ọ̀dọ̀ mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé omi náà ni kò sí nínú ìwé yín?”

“Omi wà.”

“Kí ló wá dé tí a ò lọ?”

Mo fa aṣọ bò ó, mo ní kó padà lọ sùn. Èmi tí mo gbọ́ Gíríìkì! Wọn kò sì lọ mọ́. Àbúrò mi kò ní ibòmíràn tó ń lọ tẹ́lẹ̀, odò yẹn nìkan ni ìgboro tó mọ̀.

Mo padà sílé ẹ̀kọ́. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, lẹ́tà dé: ikọ́ ti pa àbúrò mi, wọ́n sì ti sin ín. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún mi pé nítorí omi ni. Ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ fún mi pé kì í ṣe nítorí rẹ̀.

Olùkọ́ wa bá mi níbi tí mo ti ń sunkún lẹ́yìn yàrá ìkàwé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí léèrè pé, “Ìyókù ìtàn náà ńkọ́? Ọkùnrin tó ti ń ṣàìsàn fún ọdún méjìdínlógójì? Ìyẹn wà nínú gbogbo ìwé, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Ṣé o kà á fún ìyá rẹ?”

N kò kà á.

Bí wọ́n ṣe fún wa ní ìsinmi Ọdún Àjíǹde, ilé tààrà ni mo lọ. Yèyé jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí. Kò sí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo ṣíwèé, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀: ọkùnrin tí kò rí ẹni gbé e, tó jẹ́ pé bó bá ti ń lọ sínú omi, ẹlòmíràn á ti ṣáájú rẹ̀, Jésù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, tó ní kó dìde kó máa rìn.

“Ó dìde?”

“Ó dìde, Yèyé.”

“Láì wọ omi?”

“Láì wọ omi.”

“Ẹni tó ń pẹ́ dé ni?”

“Ẹni tó ń pẹ́ dé ni.”

Ó bo ojú. Ìgbà náà ló tó sọ ohun tó pa á lẹ́kún lọ́jọ́ ipasẹ̀ tútù. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé ọjọ́ yẹn gan-an ni áńgẹ́lì wá, pé ẹ̀gẹ́ tí òun dúró kó wọlé ló mú òun pẹ́, òun sì ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ òun san. Ó ní ìgbà tí mo sọ pé kò sí áńgẹ́lì, òun rò pé ara á tu òun, torí òun kò pẹ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi bí gbogbo rẹ̀ ṣe ṣófo.

Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó sì wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

“Èyí tó o kà lónìí, ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Ṣé ó jìnnà síbi tó o ti pa uwé dé ni?”

Mo fi ìka wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Kò ju ìka méjì lọ.